Ẹ Ka Orí Kí Ẹ Tó Ka Owó

Ìwé kan wà tí àwa ọ̀dọ́ kì í kà, bó tilẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ó máa ń fẹ̀ bíi mágasíìnì, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń dán, àmì ilé-ìwé kan sì máa ń wà níwájú rẹ̀. Ìwé ìrántí ayẹyẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ni. Ẹ ṣí i wò. Fọ́tò gómìnà ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, ti bíṣọ́ọ̀bù tẹ̀ lé e, ti ààrẹ ẹgbẹ́ ló kàn, gbogbo wọn ń kí ara wọn kú oríire. Lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ àwọn ọ̀gá ilé-ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀, orin ilé-ìwé, orúkọ àwọn tó dáwó, àwòrán yàrá sáyẹ́ǹsì tuntun, àti ìpolówó ọjà. Kò sẹ́ni tó ń pe irú ìwé yìí ní lítíréṣọ̀. Àwa fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ lónìí, ká sì yẹ̀ ẹ́ wò bí a ṣe ń yẹ ìwé ìtàn-àròsọ wò.

Èyí tó gbà wá lọ́kàn jù ni ti àwọn ilé-ìwé Àgùdà nílẹ̀ Ìgbò, àwọn tí ogun Bìáfrà kọjá lórí wọn láti 1967 sí 1970. Ó ti pẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn àtijọ́ ti ń kóra jọ, ní Onitsha, ní Enugu, ní Èkó, ní London, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń dáwó láti tún ilé-ìwé wọn ṣe. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀. Àmọ́ ìwé tí wọ́n fi ń ṣe ìrántí iṣẹ́ náà mọ owó kà, kò mọ orí kà. Ó lè sọ iye tí wọ́n fi kan òrùlé gbọ̀ngán, kò lè sọ iye ọmọ kíláàsì tí kò padà wá jókòó lábẹ́ òrùlé náà. Àwọn òǹkọ̀wé ìtàn-àròsọ tó mọ orí kà rèé, àwọn náà kì í dúró pẹ́ nílé-ìwé lẹ́yìn ogun. Ihò kan wá wà láàárín àwọn ìwé méjèèjì. Inú ihò yẹn ni ọ̀rọ̀ wa wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ìtàn náà díẹ̀, nítorí àwọn kan lára wa ò kọ́ ọ nílé-ìwé rárá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, Bíṣọ́ọ̀bù Joseph Shanahan, ará Ireland, gbà pé ilé-ìwé ni ọ̀nà tí ìjọ Àgùdà yóò gbà wọ ilẹ̀ Ìgbò. Ọ̀nà náà là. Kó tó di pé ogun dé, agbára káká ni èèyàn fi lè rí ìlú kan níbẹ̀ tí kò mọ ilé-ìwé fadá tàbí ti sísítà. Ní 1933, Charles Heerey, tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn Shanahan, dá Christ the King College sílẹ̀ ní Onitsha, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní CKC. Àwọn sísítà Holy Rosary, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ireland ní 1924 nítorí iṣẹ́ ilẹ̀ yìí gan-an, dá Queen of the Rosary College sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé owó Ireland nìkan ló kọ́ àwọn ilé-ìwé kéékèèké tó wà lábúlé. Àwọn òbí ló ru yanrìn, àwọn ló gé igi, àwọn ló dáwó oṣù tíṣà.

Heerey kú ní oṣù kejì ọdún 1967. Ní ọdún yẹn náà ni Francis Arinze, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 35, di bíṣọ́ọ̀bù àgbà Onitsha, tí ogun sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta ọdún 1968, Onitsha ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀. Jákèjádò ilẹ̀ náà, ilé-ìwé kì í ṣe ilé-ìwé mọ́. Àwọn kan di bárékè, àwọn kan di ọsibítù, àwọn mìíràn di ibùdó àwọn ogúnléndé. Àwọn ìjọ òkè òkun ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó oúnjẹ wọ pápá Uli lóru, àwọn fadá àti sísítà sì ń pín in fáwọn tí ebi ń pa.

Ogun parí ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970. Nǹkan mẹ́ta ló wá ṣẹlẹ̀ tẹ̀ léra tẹ̀ léra. Èkíní, ìjọba àpapọ̀ ka ọ̀pọ̀ míṣọ́nnárì sí alátìlẹ́yìn Bìáfrà. Wọ́n mú wọn, wọ́n gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì lé wọn kúrò nílùú. Bíṣọ́ọ̀bù Joseph Whelan ti Owerri wà lára wọn. Èkejì, ẹni tó ní owó ní báǹkì Bìáfrà, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn, pọ́n-ùn 20 péré ni wọ́n fún un. Ẹ̀kẹta, nínú ọdún 1970 yẹn kan náà, ìjọba East Central State lábẹ́ Ukpabi Asika ṣe òfin tó gba gbogbo ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Orúkọ ẹni mímọ́ kúrò lára ògiri ọ̀pọ̀ ilé-ìwé. CKC pàápàá di Heerey High School fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ wá wo ipò tí akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wà nígbà náà. Àwọn tó kọ́ ọ ti lọ. Owó tó fẹ́ fi ran ilé-ìwé lọ́wọ́ ti di pọ́n-ùn 20. Ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ti di ti ìjọba, orúkọ tó wà lórí sátífíkéètì rẹ̀ lè má sí níbì kankan mọ́. Síbẹ̀, àwọn èèyàn yìí wá ara wọn rí, wọ́n ṣe ìpàdé, wọ́n sì dáwó. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ìtàn tó yẹ kí wọ́n kọ, òun nìyẹn.

Kí ni ìwé ìrántí wá sọ nípa rẹ̀? Nínú ọ̀pọ̀ èyí tó ti kọjá lọ́wọ́ wa, kò ju gbólóhùn méjì lọ. Wọ́n á ní ogun dá ẹ̀kọ́ dúró. Wọ́n á ní lẹ́yìn ogun, ìjọba gba ilé-ìwé. Ó tán. Tí ẹ bá ṣí ojú ewé tí wọ́n to orúkọ àwọn ọ̀gá ilé-ìwé sí, ẹ ó rí orúkọ fadá kan tó parí sí 1967, ẹ ó rí orúkọ mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970. Àlàfo ló wà láàárín wọn.

Ta ló sùn nínú kíláàsì lọ́dún mẹ́ta yẹn? Bẹ́ńṣì ta ni wọ́n fi dáná? Ta ló kọ́kọ́ mú àdá wá láti ro koríko tó bo pápá bọ́ọ̀lù? Tíṣà wo ló kọ́ ọmọ láìgba owó oṣù? Nínú ọgbọ̀n ọmọ tó jọ wọ kíláàsì kan ní 1966, mélòó ló dáhùn nígbà tí wọ́n tún pe orúkọ? Ìwé ìrántí ò dáhùn ọ̀kan. Ó ti sáré dé orí ẹ̀rọ omi tí ẹ̀ka Houston gbẹ́.

Ẹ jẹ́ ká yà sọ́dọ̀ àwọn òǹkọ̀wé. Àwọn mọ̀ pé ilé-ìwé wà nínú ogun. Nínú ìtàn kúkúrú tí Chinua Achebe pè ní “Girls at War”, àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé girama kan gbé àsíá, wọ́n yan lójú pópó pé kò sí ọ̀tá tó lè borí wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára àsíá náà ní ìtumọ̀ mìíràn tí kò wá sí wọn lọ́kàn, ó sì mú àwọn tó ń wòran rẹ́rìn-ín. Kí ìtàn náà tó parí, ẹ̀rín ti tán. Gladys, tóun náà ti kúrò nílé-ìwé nítorí ogun, kú níbi tó ti ń gbìyànjú láti yọ ọmọ ogun kan tó fara pa nínú ọkọ̀.

Chimamanda Ngozi Adichie tilẹ̀ wọ ọ̀rọ̀ ilé-ìwé jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú *Half of a Yellow Sun* (2006). Olanna ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Umuahia títí wọ́n fi ní kí wọ́n kúrò, nítorí pé ogúnléndé ń bọ̀ wá gbé ilé-ìwé náà. Abẹ́ igi ni ẹ̀kọ́ kó lọ, Ugwu ọmọ ọ̀dọ̀ sì di tíṣà. Nígbà tó yá, ibùdó ogúnléndé kan dé ọwọ́ Kainene. Fadá méjì wà níbẹ̀, Fadá Marcel sì ń bá àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin lò pọ̀ kó tó fún wọn lóúnjẹ. Nígbà tí Kainene mọ̀, ó lé e jáde. Ó tún lé fadá kejì, nítorí ó gbà pé ó mọ̀, kò sì sọ̀rọ̀.

A mọ̀ pé ojú ewé yẹn ò dùn ún kà fún ẹni tó fẹ́ràn ìjọ rẹ̀. Àmọ́ ìdí rèé tí ìtàn-àròsọ fi lágbára ju ìwé ìrántí lọ. Kò bẹ̀rù láti fi oúnjẹ tí ìjọ fi gba ẹ̀mí là àti ìwà burúkú tí èèyàn ìjọ hù sínú ọgbà kan náà. Ìwé ìrántí tó bá dá ìyìn nìkan sọ ti fi ọmọbìnrin yẹn sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n àwọn òǹkọ̀wé náà ní àbùkù tiwọn. Nígbà tí ogun bá parí nínú *Half of a Yellow Sun*, ilé wa Nsukka la bá àwọn èèyàn náà lọ, a ò bá wọn padà sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ Umuahia. *Survive the Peace* tí Cyprian Ekwensi kọ ní 1976 dúró nínú àlàáfíà, àmọ́ ojú ọ̀nà ló wà, níbi tí ìbọn ti kún ọwọ́ àwọn ọlọ́ṣà. Flora Nwapa, tó kọ *Never Again* (1975), jẹ́ kọmíṣọ́nnà lábẹ́ ìjọba Asika, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ogun sọ di aláìlóbìí sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ìsásàásá àwọn ará Ugwuta nígbà ogun ni ìwé yẹn sọ. Ẹni tó bá ń wá ìwé ìtàn-àròsọ ńlá kan lórí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí agogo ilé-ìwé tún dún ní 1970 yóò wá a tì láàárín àwọn ìwé olókìkí yìí.

Èyí tó sún mọ́ ọn jù kò tilẹ̀ dárúkọ ilé-ìwé. “Civil Peace” ni, ìtàn kúkúrú Achebe tó wà nínú *Girls at War and Other Stories* (1972). Ojú ewé rẹ̀ ò tó mẹ́wàá, ẹ lè kà á tán nínú danfo. Jonathan Iwegbu jáde nínú ogun, ohun tó sì kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ka orí. Orí márùn-ún ló kù: tirẹ̀, ti Maria ìyàwó rẹ̀, àti ti mẹ́ta nínú ọmọ wọn mẹ́rin. Lẹ́yìn èyí ló tó ka kẹ̀kẹ́ ológere rẹ̀, tó ti rì mọ́lẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun má bàa gbà á. Ibi tó rì í sí kò jìnnà sí ibi tó sin ọmọ rẹ̀ tó kéré jù. Achebe ò tẹnu mọ́ ọn, ó sọ ọ́ kọjá lọ ni. Òǹkàwé ló máa dúró.

Nígbà tí wọ́n dé Enugu, wọ́n bá ilé wọn kékeré níbẹ̀, nígbà tí ilé ńlá tó wà nítòsí ti wó palẹ̀. Àwọn ọmọ ń já máńgòrò tà. Maria ń dín àkàrà, àkàrà tí àwa náà mọ̀, ó ń tà á láàárọ̀. Jonathan ṣí ilé ẹmu. Owó tó wọlé fún un lọ́wọ́ ìjọba, pọ́n-ùn 20 yẹn náà, àwọn olè wá gbà á lóru, ilẹ̀ sì mọ́ bá gbogbo ilé lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ wo bó ṣe tò ó: orí ló kọ́kọ́ kà, kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e, ilé tẹ̀ lé e, owó ló kẹ́yìn. Nítorí bẹ́ẹ̀, nígbà tí olè gbé owó lọ, a mọ ohun tó ṣẹ́ kù. Ìwé ìrántí tò ó sódìkejì, owó ló fi ṣáájú, orí ò sì sí níbẹ̀ rárá.

Àwọn kan lè sọ pé ẹ má dá àwọn àgbà lẹ́bi, wọn ò fẹ́ ṣí ojú egbò ni. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ó ṣòro kéèyàn kọ nípa ogun nínú ìwé tí gómìnà yóò kọ ọ̀rọ̀ ìkíni sí, pàápàá ní orílẹ̀-èdè tó ní ogun náà kò ní aṣẹ́gun, kò ní ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun, tó sì ní ká gbàgbé. Ó tún wà níbẹ̀ pé ayọ̀ ló ń mú kí èèyàn tọwọ́ bọ àpò níbi ìpàdé ìdáwó. Ta ló máa gbé orúkọ òkú síwájú ẹni tó fẹ́ sọ̀wédowó? A gbọ́. Àmọ́ ẹni tó wọ ọdún kìn-ín-ní ilé-ìwé girama ní 1967 ti sún mọ́ ẹni 70 ọdún, bí kò bá ti kọjá rẹ̀. Bí ìwé ọdún yìí ò bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìwé ọdún tó ń bọ̀ bá fọ́tò rẹ̀ nínú àwọn olóògbé.

Ọ̀rọ̀ náà sì kọjá ìrántí lásán. Nígbà tí Peter Obi, tóun náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ CKC, ń ṣe gómìnà Anambra (2006 sí 2014), ìjọba rẹ̀ dá àwọn ilé-ìwé padà fáwọn ìjọ. Inú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ dùn. Orúkọ padà, fadá padà, owó ìdáwó sì wá mọ ibi tó ń lọ. Ìbéèrè kan ló wá kù: ọmọ ta ni yóò wọlé? Ilé-ìwé ìjọ fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè dúró láìgba owó, owó náà sì lè ju agbára ọmọ alákàrà lọ. Ọmọ àwọn tó ru yanrìn lábúlé lè wá máa wo ilé-ìwé náà láti ẹ̀yìn ògiri.

Ibí yìí ni kíka orí ti wúlò. Ẹgbẹ́ tó bá ka owó nìkan yóò rí i pé gbọ̀ngán ò tóbi tó, yóò sì tún kọ́ òmíràn. Ẹgbẹ́ tó bá ka orí yóò rí i pé àyè ọmọ kan wà nínú kíláàsì 1967 tí kò sẹ́ni tó jókòó sí i mọ́. Yóò sì rò ó pé gbèsè ni àyè yẹn, pé ọmọ mìíràn tí kò lówó ló yẹ kó jókòó síbẹ̀, kí ẹgbẹ́ san án fún un, kí wọ́n sì sọ orúkọ ẹni tó ni àyè náà fún un. Àwọn àgbà wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A máa ń sọ ọ́ fún òbí. Ó bá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ náà wí, jàre.

Ẹ má sì jẹ́ ká ṣe bíi pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Ìgbò nìkan ni. Christopher Okigbo, akéwì tó kú lójú ogun nítòsí Nsukka ní 1967, ọmọ tíṣà ilé-ìwé Àgùdà ni. Kó tó di ọmọ ogun Bìáfrà, ó ti ṣe tíṣà ní Fiditi Grammar School, nílẹ̀ Yorùbá níbí, ó sì ti gbé Ìbàdàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́ ní Fiditi wà lára àwọn tó pàdánù rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ gbàgbé láti bi wọ́n.

Ní 1966, lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn Ìgbò ní ìpakúpa ní Àríwá, ọ̀pọ̀ lára wọn tó ń gbé Èkó àti Ìbàdàn náà dẹrù, wọ́n padà sí Ìlà-Oòrùn. Àwọn ọmọ ilé-ìwé wà nínú wọn, àwọn tíṣà wà nínú wọn. Àwọn ilé-ìwé Àgùdà tiwa náà, bíi St Gregory's l'Ékòó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928, àti Loyola College n'Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954, ní ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tó ní ìtàn láti sọ nípa ọdún yẹn. Ọdún 1966 kì í ṣe àlàfo nínú ìwé tiwa, nítorí ẹ̀kọ́ ò dúró níbí. Ìdí nìyẹn gan-an tó fi rọrùn láti má rí i pé àyè kan ṣófo.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí wọ́n máa ń pè láti bá wọn ṣe ìwé ìrántí, torí pé ẹ̀yin lẹ mọ kọ̀ǹpútà lò, agbára wà lọ́wọ́ yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ ní kí wọ́n fi ojú ewé mẹ́ta sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ gómìnà àti orúkọ àwọn olùdáwó. Ẹ lọ sínú gúrúùpù WhatsApp wọn, ẹ wá ẹni tó ní fọ́tò kíláàsì 1966. Ẹ gbé e síbẹ̀, kí ẹ sì bẹ bàbá tàbí màmá kan kó fi ohùn sọ orúkọ wọn, láti apá òsì dé apá ọ̀tún, ìlà kan tẹ̀ lé ìkejì. Ẹ kọ orúkọ náà bó ṣe sọ ọ́. Níbi tó bá ti dákẹ́, ẹ má sáré bi í ní ìbéèrè mìíràn. Ẹ dúró dè é kó sọ ibi tí ẹni yẹn wà nígbà tí ogun parí.